Kókó Ìhà Jẹ́jẹ́

Ẹni tó bá mọ New Benin á mọ̀ pé ibẹ̀ kì í sinmi. Kẹ̀kẹ́ á máa fọn fèrè mọ́ ara wọn, àwọn tó ń tajà á máa fi pijin àti èdè Ẹ̀dó pe oníbàárà, eruku pupa á sì máa bà lé ohun gbogbo, títí kan ẹ̀kọ tí èèyàn ń jẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n béèyàn bá yà sẹ́yìn ọjà, tó fo gọ́tà jíjìn yẹn kọjá, ilé kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní fàráńdà níwájú. Lórí fàráńdà yẹn ni àwọn àgbà méjì ti máa ń jókòó sọ Yorùbá nírọ̀lẹ́. Wọ́n á máa sọ ọ́ bí ẹni ń lá ọbẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ àwo, torí kò sí ẹni tó kù ládùúgbò tó lè bá wọn sọ ọ́ dé ìdí. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ ń gbọ́ ọ, pijin ni wọ́n fi ń dáhùn.

Akínfẹ́mi ló máa ń rìn wá. Ọmọ Oǹdó ni. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi wẹ ojú egbò, tó fi tú eéwo fún tolórí tẹlẹ́mù ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí kò sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Dírẹ́sà títí dòní. Adékúnlé ló ni fàráńdà. Ìjẹ̀bú ni òun, aago ló ń tún ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti lọ sí Ìbàdàn, àwọn èèyàn sì ti ń wo aago lójú fóònù, iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ohun tó kù fún un kò ju mẹ́ta lọ: gíláàsì kékeré tó máa ń há sí ojú ọ̀tún láti fi wo inú aago, Dírẹ́sà, àti Jẹ́jẹ́.

Alágẹmọ ni Jẹ́jẹ́.

Ọ̀nà Ekiadolor ni Adékúnlé ti rí i, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ tó lọ tún aago ara ògiri ṣe fún àwọn olùkọ́ kan níbẹ̀. Alágẹmọ náà ń sọdá títì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń mì, ó ń rò ó bóyá kí òun gbé èkejì. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ní kí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ pa, pé nǹkan burúkú ni, pé tó bá tutọ́ síni lójú, ojú yẹn ti lọ nìyẹn. Adékúnlé ní kí wọ́n dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi fìlà rẹ̀ gbé e kúrò lójú títì. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ọkọ̀ ti lọ.

"Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ibi tí mo ti rí ọkọ̀ míì," bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. "Èmi àti Jẹ́jẹ́. A ò sì bá ara wa jà lọ́nà."

Ó fi igi àti wáyà oníhò kan ilé fún un lórí fàráńdà, ó gbé igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan tó gbìn sínú garawa wọnú ilé náà. Láràárọ̀ ló máa ń fín omi sára ewé, torí alágẹmọ kì í mu omi inú abọ́, èyí tó bá ń kán lórí ewé ló máa ń lá. Tata ni oúnjẹ rẹ̀, pẹ̀lú ìrẹ̀. Àwọn aládùúgbò ò fẹ́ kọjá níwájú fàráńdà yẹn mọ́. Adékúnlé ní ó tẹ́ òun lọ́rùn bẹ́ẹ̀, pé ariwo ti dín kù.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni Ṣùbòmí, àkọ́bí rẹ̀, máa ń pè é láti Ìbàdàn.

"Bàbá, kí lẹ tún ń ṣe ní Benin? Yàrá yín ti wà ńlẹ̀ níbí."

Èsì kan náà ni Adékúnlé máa ń fọ̀. "Ìyàwó rẹ ti ní òun ò lè bá alágẹmọ gbélé, mi ò sì bá a jà. Ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ bá lọ, n óò kẹ́rù mi."

Akínfẹ́mi máa ń gbọ́ ọ. Á kọjú sí títì bíi pé kò gbọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn máa ń rin ín bí òjò wínníwínní tí kò jọ òjò, tó jẹ́ pé aṣọ á ti tutù kéèyàn tó fura. Ìyàwó tirẹ̀ ń bẹ láyé, àlàáfíà sì wà, ṣùgbọ́n Ẹ̀dó ni obìnrin náà, pijin ni wọ́n fi fẹ́ ara wọn, òun náà ni wọ́n fi ń darúgbó pọ̀. Bí Adékúnlé bá lọ, ta ni yóò máa bú u ní Yorùbá?

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà ni kókó yọ sí ìhà òsì Jẹ́jẹ́, lẹ́yìn apá. Gíláàsì ojú ni Adékúnlé fi rí i.

"Dírẹ́sà, wá wo nǹkan. Ó dà bíi pé Jẹ́jẹ́ gbé hóró ọkà bàbà mì, tí ó há sí i níhà."

Akínfẹ́mi fi ìka kan kàn án. "Eéwo ni."

"Alágẹmọ náà ń ní eéwo?"

"Kí ló dé tí kò ní ní? Ṣé kì í ṣe ẹran ló gbé sára ni? Eéwo ò mọ olówó, kò mọ Ìjẹ̀bú."

"Kò mọ ará Oǹdó náà."

"Ìyẹn ló mọ̀ jù. Ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́ṣẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ yí ojú kan sí ọ̀kan nínú wọn, ó yí èkejì sí ẹnì kejì.

"Kí la ó wá ṣe sí i?" Adékúnlé béèrè.

"A ó dúró dè é. Eéwo tí kò tíì pọ́n, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ìjàngbọ̀n ló ń fọwọ́ pè. A ó máa fi òwú tí a rì sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ jó o láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a ó máa fi ìpara dúdú tó ń fa eéwo ra á. Tó bá ti rọ̀, n óò tú u."

Adékúnlé kò jiyàn. Ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, eéwo kan mú un nítan, kò lè rìn, kò lè jókòó, àwọn kan sì ti ń pọ́n abẹ. Akínfẹ́mi ló ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó fi àtàǹpàkò méjì tẹ̀ ẹ́, ọmú eéwo jáde tòun ti gbòǹgbò, Adékúnlé sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọwọ́ kan bá wà tí Adékúnlé gbà gbọ́ láyé yìí, ọwọ́ Dírẹ́sà ni.

Akínfẹ́mi fẹ́ràn kí nǹkan ní ìwọ̀n. Ó wá òwú ìránṣọ funfun kan, ó nà án sára kókó náà, ó fi báírò sàmì sí ibi tó parí sí. Gbogbo Sátidé ló máa ń wọ̀n ọ́, òwú náà sì máa ń wà nínú agolo ìpara kan tó ti tán. Sátidé kejì, àmì ti sún: ó ti tó hóró àgbàdo. Sátidé kẹta, ó ti tó pọ̀pọ̀ndó. Ó ń wú, àmọ́ kò pọ́n, kò sì rọ̀. Bí ẹni fọwọ́ kan èkùrọ́ ló rí.

Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí oòrùn àárọ̀ bá ti bà lé e, á tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ọsàn tó dúró lé lórí. Ní báyìí, dúdú ló ń dú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí ewé tí wọ́n sè jù. Ó ń pa ojú dé ní ọ̀sán gangan. Adékúnlé fi tata kan síwájú rẹ̀, Jẹ́jẹ́ na ahọ́n, ahọ́n tàsé, kò sì dán an wò mọ́.

Sátidé kẹrin, Adékúnlé ń nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó bi í pé, "Báwo ló ṣe rí?"

Akínfẹ́mi tẹ kókó náà díẹ̀. Ó le koránkorán.

"Ó ti ń rọ̀," ló sọ. "Ó kù díẹ̀."

Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde. Adékúnlé mi orí. Ó há gíláàsì sójú, ó wo ìhà Jẹ́jẹ́ títí, lẹ́yìn náà ló bọ́ gíláàsì náà sápò.

Ìrìn ilé gùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Akínfẹ́mi ti sọ fún ìyá ọmọ rí pé ọmọ náà kò ní yè. Ó ti sọ fún géńdé ọkùnrin rí pé wọn óò gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò purọ́ lórí egbò rí. Alágẹmọ wá ni yóò jẹ́ kó purọ́. Ó sì mọ̀ pé kì í ṣe nítorí alágẹmọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Uselu láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ẹran kan wà níbẹ̀, ẹ̀yìn àwọn mẹkáníìkì, ajá àti adìyẹ ló sábà máa ń tọ́jú. Motọ́lání lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, Benin ni wọ́n bí i sí. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá náà dáadáa, ó dìde, ó wá fi pijin bi í léèrè pé, "Papa, na which kain animal?"

Nígbà tó gbọ́ pé alágẹmọ ni, ó fa àga mọ́ra. Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀. Ṣé kókó náà ń bá awọ rìn tí wọ́n bá sún un, àbí ó lẹ̀ mọ́ inú? Ṣé oríkèé ẹsẹ̀ ló wà ni? Ṣé nǹkan kan wà lábẹ́ awọ tó gùn bí òwú, tó ń sún, torí àwọn alágẹmọ inú igbó máa ń ní aràn lábẹ́ awọ? Ṣé kì í ṣe awọ tí kò bọ́ tán ló lẹ̀ síbẹ̀? Ṣé gílóòbù gbígbóná ò wà nítòsí tó lè jó o? Kí ni wọ́n fi kan ilé rẹ̀?

"Wáyà oníhò," Akínfẹ́mi ní.

"Any wire dey stick out for there?"

Akínfẹ́mi rántí igun ilé náà níhà òsì, níbi tí Jẹ́jẹ́ ti máa ń gùn lọ sókè. Ó ní ẹnu wáyà kan yọ síta níbẹ̀.

Ó wá sọ ohun tí òun ti ń ṣe sí i: omi wọ́ọ́rọ́, ìpara dúdú, dídúró dè é kó pọ́n. Dókítà gbé báírò sílẹ̀.

"Papa," ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "that one no go ever soft."

Ó ṣàlàyé fún un. Ó ní ara ejò àti aláǹgbá àti alágẹmọ kò rí bíi tèèyàn. Ọyún inú wọn kì í yọ́ di omi, dídì ló ń dì, bí wàrà tí wọ́n fún títí tó gbẹ. Béèyàn bá jókòó dè é pé kó pọ́n, inú ló ń gbà lọ. Béèyàn bá sì tẹ̀ ẹ́, ó lè tú sínú, kó bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Abẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́ lódindi. Ìpara yẹn, kó má tún kàn án mọ́ láé, torí awọ ẹran náà ń mu nǹkan.

"Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ńkọ́?"

Dókítà ní abẹ́rẹ́ tí òun bá fi fa díẹ̀ nínú rẹ̀ ni yóò sọ ìyẹn. Kí wọ́n gbé e wá lọ́la.

Akínfẹ́mi dìde, ó dúpẹ́. Sùúrù ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù láyé, sùúrù yẹn náà ló sì fi ń pa ẹran ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó sí àyè rẹ̀ lórí fàráńdà. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà jọ lọ́nà. Nígbà tó ya ẹnu, èyí tó tò kọ́ ló jáde.

"Ìjẹ̀bú, mo fẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa wo Jẹ́jẹ́. Dókítà ẹran kan wà ní Uselu."

Ó ń dúró de ìbéèrè kan: Ṣebí o ní ó ti ń rọ̀?

"Ìgbà wo la ó lọ?" Adékúnlé ní.

"Lọ́la."

"N óò wá páálí." Ó dìde, ó sì wọlé lọ wá a.

Wọ́n dá ihò sí páálí lára, wọ́n ki ẹ̀ka ọsàn kan bọ̀ ọ́, Jẹ́jẹ́ dì í mú, wọ́n fi ìborùn ìyàwó Adékúnlé tó ti dolóògbé bò ó. Wọ́n ti rìn jìnnà díẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ kí awakọ̀ tó wojú dígí.

"Papa, wetin dey that carton?"

"Na chameleon," Adékúnlé ní.

Kẹ̀kẹ́ dúró. Ọkùnrin náà kò bínú, ó kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, pé ìyá òun ti kìlọ̀ fún òun nípa irú ẹran yìí. Ó tilẹ̀ bá wọn di ìborùn náà dáadáa, àmọ́ ó na ọwọ́ jìnnà sí i bí ẹni ń fi nǹkan síná.

Wọ́n rìn nínú oòrùn.

"Ṣé o ò lè ní adìyẹ ni?" Akínfẹ́mi ní. "Wàhálà ọ̀nà Ekiadolor lo tún dá sílẹ̀ yìí."

"Irọ́ ò bá mi lára mu, Dírẹ́sà."

Akínfẹ́mi gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e títí wọ́n fi dé.

Dókítà kò fi ọwọ́ gbá Jẹ́jẹ́ mú látòkè. Ó na apá sí i nísàlẹ̀, ó dúró, títí tó fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún. Ó tan iná sí ìhà rẹ̀, ó sún kókó náà síbí sọ́hùn-ún, ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú rẹ̀, ó lọ wò ó. Nígbà tó padà dé, ó ní lójú tòun, kì í ṣe jẹjẹrẹ, ọyún ni. Òun óò fi oògùn kùn Jẹ́jẹ́ lóorun, òun óò yọ kókó náà. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ ẹran náà gan-an, ó ti gbẹ. Ó lè jí, ó lè má jí. Kí wọ́n jókòó síta.

Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn mẹkáníìkì ń fi òòlù lu irin lọ́nà ọ̀hún. Adékúnlé gbé ìborùn náà lé orúnkún, ó ń ká a, ó ń tú u.

"Ìjẹ̀bú."

"Hùn."

"Lọ́jọ́ Sátidé, tí mo ní ó ti ń rọ̀. Kò rọ̀ rárá."

Òòlù dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Mo mọ̀," Adékúnlé ní.

Akínfẹ́mi yíjú sí i.

"Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń fi gíláàsì yìí wo eyín aago tí kò tó irun. Ṣé kókó tó tó pọ̀pọ̀ndó ni mi ò ní mọ̀ bó rọ̀ tàbí bó le? Láti Sátidé kejì ni mo ti mọ̀ pé kò ní pọ́n."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ta ni kí n sọ ọ́ fún? Ṣé ìwọ? Pé ọwọ́ tó gbà mí nítan ti ṣìnà?" Ó ká ìborùn náà. "Mo ní kí n jẹ́ kó o rí i fúnra rẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kó o rí i pẹ́ jù. Ẹ̀bi tèmi náà nìyẹn."

"O ní tó bá kú, o máa lọ."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rù ìyẹn ló bà mí. Òun ló mú mi purọ́."

Adékúnlé tú ìborùn náà. Ó wo ọ̀nà tí òòlù ti ń dún. "O ti darúgbó, Dírẹ́sà," ó ní níkẹyìn. "Tẹ́lẹ̀, o máa ń purọ́ dáadáa ju báyìí lọ nídìí ayò."

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Dókítà gbé abọ́ kékeré kan lọ́wọ́. Akínfẹ́mi ni ó nà án sí, bí òṣìṣẹ́ ṣe ń fi nǹkan han òṣìṣẹ́. Nǹkan funfun kan wà nínú rẹ̀, ó ní ìpele ìpele, ó gbẹ bí pupa ẹyin tí wọ́n sè le. Akínfẹ́mi tẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìdí báírò. Kò rí irú rẹ̀ rí ní gbogbo ọdún mọ́kàndínlógójì.

"E don wake?" Adékúnlé béèrè. Ó ti dìde dúró.

"E open one eye, look me like person wey I owe," Dókítà ní.

Ó ní ojoojúmọ́ ni wọn óò máa fọ ojú ọgbẹ́ náà, wọn óò máa fún un ní abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, wọn óò tún ilé rẹ̀ ṣe kí ẹnu wáyà má yọ síta. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ka gbogbo rẹ̀ fún Adékúnlé, ṣùgbọ́n Akínfẹ́mi ló gbé ìwé náà fún. "Papa, you be dresser. Na you go dress am."

Ó dá Akínfẹ́mi lójú pé kò sẹ́ni tó rí bí ojú òun ṣe rí nígbà yẹn. Adékúnlé rí i, ó sì wo ibòmíràn.

Gbogbo òjò ọdún yẹn ni Akínfẹ́mi fi gba ẹ̀yìn ọjà wá láràárọ̀ láti wẹ ojú ọgbẹ́ tí kò tó èékánná. Kò tẹ̀ ẹ́, kò fi ohunkóhun ra á ju èyí tí Dókítà kọ lọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, Jẹ́jẹ́ na ahọ́n, ó gbé tata. Adékúnlé wá òmíràn fún un.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, Ṣùbòmí pè. Akínfẹ́mi kọjú sí títì bó ṣe máa ń ṣe.

"Ara rẹ̀ ti yá," Adékúnlé ń sọ sínú fóònù. "Rárá, mi ò tíì mọ̀gbà. Alágẹmọ kì í pẹ́ láyé bí èèyàn, ó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n Dókítà ní nǹkan yìí lè padà, a ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo Sátidé. Ta ni 'a'? Èmi àti Dírẹ́sà ni." Ó gbọ́ ohun tí ọmọ náà sọ. "Rárá, èmi nìkan ò lè ṣe é. Ojú nìkan ni mo ní. Òun ló lọ́wọ́."

Nígbà tí Sátidé dé, Jẹ́jẹ́ wà lórí ẹ̀ka tó ga jù, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Ibi ọgbẹ́ yẹn nìkan ni kò bá a yí padà, bí eérú ló rí, yóò sì máa rí bẹ́ẹ̀ títí. Akínfẹ́mi yọ òwú kúrò nínú agolo, ó nà án.

"Báwo ló ṣe rí?" Adékúnlé béèrè.

Akínfẹ́mi ya ẹnu láti dáhùn. Adékúnlé ti bọ́ gíláàsì kúrò lójú, ó ń nà án sí i.

"Há a sójú ná," ó ní. "Lẹ́yìn náà, kó o sọ fún mi."